Ọkọ̀ ọ́tò kì í dá dúró: bí a ṣe ń wà á láìséwu ní Ìlọrin àti ìhà gúúsù Kwara

Ẹni tó bá délé lálẹ́, tí kò sí ẹni tí yóò bá a ṣí géètì, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò tẹ bíréèkì, yóò ti gíà sí N (ibi tí gíà kò ti mú ohunkóhun), yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná iwájú ń tàn sára géètì, òun alára wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti irin. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, tàbí bó bá jẹ́ pé D (gíà ìlọsíwájú) ló fi í sí tó rò pé N ni, kò sí ohunkóhun tó di ọkọ̀ náà mú mọ́.

Ọkọ̀ mánúà, tí awakọ̀ ń fọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Tí gíà bá wà nínú rẹ̀ tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, yóò ta gìrì, yóò sì kú. Ọ́tò, tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀, kì í kú. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀, abọ́ irin kan wà tó kún fún ọ́ìlì, torque converter ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi ń ti gíà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, tí ọ̀pá gíà sì wà ní D tàbí R (gíà ìpadàsẹ́yìn), ọkọ̀ ń lọ, ẹ tẹná (pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré) ni o, ẹ ò tẹná ni o. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ó lè máa fà lọ ní kìlómítà 5 sí 10 láàárín wákàtí, láìsí ẹsẹ̀ lórí ohunkóhun. Ó ń bá yín pààrọ̀ gíà, kì í bá yín dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ọ́tò. Ẹ gbé gìgísẹ̀ kalẹ̀ síwájú bíréèkì, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa yí sápá ọ̀tún nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹná, kó sì padà sórí bíréèkì láìjẹ́ pé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sinmi. Ẹni tó ti wa mánúà fún ọdún púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti mọ kílọ́ọ̀ṣì lára, àtẹ̀kanlẹ̀ ló sì mọ̀. Bó bá gbé e lé bíréèkì pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ yóò dúró gbàgà láàárín títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà lẹ́yìn yóò sì wọnú bùútù rẹ̀.

Ẹ sún àga síwájú títí tí ẹ fi lè tẹ bíréèkì kanlẹ̀ tí orúnkún yín yóò sì ṣì tẹ díẹ̀. Sílípáàsì tí kò ní okùn lẹ́yìn kò dára fún wíwa ọkọ̀. Ó máa ń há sábẹ́ bíréèkì. Ẹni tó wọ agbádá tàbí jálàbíà, kó ká etí rẹ̀ sórí itan. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú: ike omi tó ń yí kiri, rọ́bà tí ẹ tẹ́ lé rọ́bà mìíràn tó wá ń sún síwájú. Bí rọ́bà ilẹ̀ bá gun orí pẹ́dà iná, ọkọ̀ yóò máa sáré lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó sí ẹ́ńjìnnì, kí gíà sì wà ní P (ti ìgbà tí a bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀). Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, abẹ́rẹ́ RPM (tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan) yóò kọ́kọ́ gòkè dé bíi 1,200 sí 1,500. Ẹ dúró kó sọ̀ kalẹ̀ sí 1,000 tàbí kó dín. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó bá fa gíà sí D nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lókè yóò gbọ́ "gbì!" lábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì fẹ́ fò kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí "gbì" náà bá ń dún nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí abẹ́rẹ́ sì wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ẹ́ńjìnnì sítìn (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) kó tó fọwọ́ kan gíà. Ọ̀pọ̀ gíà ni wọ́n ti tú palẹ̀ nítorí sítìn tó ti já.

Nígbà tí ẹ bá fa gíà sí D tàbí R, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó dẹ bíréèkì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé gíà ti mú.

Bí ọ̀pá gíà bá kọ̀ tí kò kúrò ní P rárá, ẹ ní kí ẹnìkan lọ wo iná bíréèkì lẹ́yìn. Tí iná náà kò bá tàn, swíìṣì kékeré tó wà lókè pẹ́dà bíréèkì ló sábà máa ń bàjẹ́, torí òun náà ló ń sọ fún gíà pé ẹ ti tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ rewáyà ni, kì í ṣe ti oníṣẹ́ gíà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà tí wọ́n fi ìdérí bò: ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ihò náà kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá gíà yóò kúrò. Ẹ rántí pé iná bíréèkì yín kò tàn, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní mọ ìgbà tí ẹ ń dúró.

Nínú gosílóò

Ní ọjà Ìpàtà, tàbí lágbègbè Post Office nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ kò nílò láti tẹná. Ẹ dẹ bíréèkì díẹ̀, ọkọ̀ yóò fà lọ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò dúró. Ẹni tó bá ń tẹná lẹ́ẹ̀kan, tó ń tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, ń sun epo, ń jẹ bíréèkì páàdì, ó sì ń fún àṣìṣe láyè láti mú pẹ́dà kan dípò èkejì. Kí ẹ máa rí ẹsẹ̀ táyà ọkọ̀ iwájú níbi tó ti kan ilẹ̀. Tí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Àwọn kan wà tó máa ń ti gíà sí N ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n ní àwọn ń sinmi gíà. Fún ìdádúró tí kò tó ìṣẹ́jú kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní D, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Lílọ sí N àti bíbọ̀ sí D lọ́gbọ̀n ìgbà láàárín Challenge sí Gẹ́rí Àlímì kò sinmi ohunkóhun, àwọn páàdì inú gíà tó ń mú tó sì ń tú sílẹ̀ ni ẹ ń jẹ. Tí ìdádúró bá máa pẹ́, ẹ lọ sí N kí ẹ sì fa bíréèkì ọwọ́. P kò dára láàárín títì: bí ọkọ̀ kan bá gbá yín láti ẹ̀yìn, eyín irin tó wà nínú P ni yóò gba gbogbo agbára náà.

Ẹ má lọ láti D sí R tàbí láti R sí D nígbà tí táyà ṣì ń yí. Àwọn tó ń yí ọkọ̀ padà lójú títì tóóró ló máa ń ṣe èyí. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á ti fà á sí D. Inú gíà, kì í ṣe bíréèkì, ni yóò dá ọkọ̀ yẹn dúró, ooru rẹ̀ ni yóò sì jó ọ́ìlì. Ẹ dúró pátápátá ná.

Lórí ibi tó ga, ẹ má fi iná gbé ọkọ̀ dúró. Ẹ lo bíréèkì. Títẹ iná fẹ́ẹ́rẹ́ kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn ń se ọ́ìlì inú torque converter bí ọbẹ̀.

P kì í ṣe bíréèkì

Ohun tó wà nínú P ni eyín irin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń kọ́ sínú ihò àyíká irin kan nínú gíà. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹ fa gíà sí P, tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ yóò rọ̀ mọ́ eyín yẹn. Ohun tí ẹ máa ń gbọ́ tó ń dún "kàù!" láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fa gíà kúrò ni irin tó ń já ara rẹ̀ gbà lábẹ́ ẹrù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ẹ má gbẹ́sẹ̀.
2. Ẹ ti gíà sí N.
3. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa.
4. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ yóò sún díẹ̀, yóò sì jókòó sórí bíréèkì ọwọ́. Tí kò bá jókòó, bíréèkì ọwọ́ yín kò ṣiṣẹ́, ẹ sì ti mọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nítòsí.
5. Ẹ tún tẹ bíréèkì, ẹ wá fa gíà sí P, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ sí ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa gíà sí D, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Ti géètì ilé náà kò yàtọ̀: N, bíréèkì ọwọ́, P, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni gbogbo rẹ̀.

Ohun kan wà nípa P tí ọ̀pọ̀ fọkanáísà mọ̀, tí ọlọ́kọ̀ kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké ló jẹ́ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà iwájú náà nìkan ni P ń dì mú. Tí ẹ bá fi jáàkì gbé táyà iwájú kan sókè, èyí tó wà lókè lè yí, èkejì náà yóò sì lè yí ní òdìkejì, P ti di òfo nìyẹn. Bíréèkì ọwọ́, tó ń mú táyà ẹ̀yìn, nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹ fà á kí jáàkì tó kan ọkọ̀, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn.

Ọ̀nà jíjìn

Òfin àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC fún ọkọ̀ aládàáni ni kìlómítà 50 láàárín ìlú, 80 lórí ọ̀nà ìlú-sí-ìlú, 100 lórí ọ̀nà márosẹ̀ alápá méjì. Ní 80, ọkọ̀ ń rin mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ fà sẹ́yìn bíi mánúà nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, nítorí náà àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 3 ni kí ẹ fi sílẹ̀, 5 tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ mú igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ẹ̀yin náà yóò fi dé ibẹ̀.

Láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀mù-Àrán, tí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé gíà ọ́tò máa ń ronú kó tó ṣe. Ẹ tẹná kanlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò kọjá kó tó bọ́ sí gíà ìsàlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi hó. Tí èrò bá kún ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì wà ní títàn, ó tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má bọ́ sí apá kejì kí ẹ tó tẹná. Ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D (overdrive, gíà òkè jù lọ) kí "O/D OFF" tàn nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, kí gíà ti wà ní ìsàlẹ̀ ṣáájú, kí ẹ wá yà. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá, ẹ dá a padà.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló burú jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, àwọn tó ń ti gíà sí N lórí ìsọ̀kalẹ̀ ti pọ̀ sí i, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú epo. Kò sí epo tí wọ́n tọ́jú. Nínú ẹ́ńjìnnì onínọ́sù (èyí tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo sí), tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní D láìsí ẹsẹ̀ lórí iná, kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń dá epo dúró, torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ní N, ó gbọ́dọ̀ máa sun epo kó má baà kú. Ẹ tún ti já okùn tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, bíréèkì nìkan ló kù.

Ní àwọn ọ̀nà olókè ìhà Ọ̀rọ̀-Àgọ́ àti Èkìtì Kwara, ẹ lo àwọn nọ́ńbà àti lẹ́tà tí ẹ̀ ń fojú fò, tó ń mú gíà dúró sí ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn: 3, 2, L, tàbí S àti M lára ọkọ̀ tuntun. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fi bíréèkì mú ìsáré wá sí bíi 60 kí ẹ tó fà á sí 2, bíi 30 kí ẹ tó fà á sí L. Ẹ́ńjìnnì yóò ké. Ẹ jẹ́ kó ké. Tí ọkọ̀ bá ṣì ń yára, ẹ tẹ bíréèkì le díẹ̀ kí ìsáré wálẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò kó fẹ́ atẹ́gùn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá wà lórí bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń mú kí bíréèkì gbóná tí fúlúìdì rẹ̀ yóò fi hó. Bíréèkì fúlúìdì DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C, ṣùgbọ́n ó ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, bó bá sì ti mu ún tán, 140°C lè tó o. Fúlúìdì tó bá hó di atẹ́gùn nínú páìpù, pẹ́dà yóò rọ̀ bí tìmùtìmù. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì.

Tí ọkọ̀ bá ń sáré tí kò dúró

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun yòówù tó wà, pátápátá. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná ni ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ tí awakọ̀ rò pé bíréèkì ni, bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń sáré ló ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tagbára-tagbára, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tún máa tú u sílẹ̀. Atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń mú bíréèkì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí iná bá ṣí gbayawu, kò fi bẹ́ẹ̀ fà mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ tú u sílẹ̀, agbára tó kù tán, pẹ́dà di òkúta.

Ẹ ti ọ̀pá gíà síwájú sí N. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti D sí N kò nílò kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, nítorí irú ọjọ́ yìí ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò pariwo bí ẹni pé yóò fọ́. Ẹ má wò ó. Ẹ tan póíntà méjèèjì, ẹ darí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ nígbà tó ṣì ń rìn, torí tí ẹ bá yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá síárìn lè lọ́ọ̀kì. Tó bá dúró tán, bíréèkì ọwọ́, P, ẹ pa á, kí ẹ wá wo rọ́bà ilẹ̀ àti wáyà pẹ́dà iná.

Omi àti ẹrẹ̀

Ẹ má wọ omi tó bá ga ju ìdajì táyà lọ. Ní àfikún sí ẹ́ńjìnnì, gíà ọ́tò ní ihò kékeré tó fi ń mí. Tí gíà tó gbóná bá bọ́ sínú omi tútù, yóò fa omi náà wọlé. Ọ́ìlì yóò wá dà bíi tíì oní mílíìkì, àwọn páàdì inú gíà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi tí kò jìn, ẹ fi L kọjá rẹ̀ jẹ́jẹ́, láìdúró, kí ẹ sì tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìgbà mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kó gbẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má sí i padà.

Nínú ẹrẹ̀, 2 ni kí ẹ fi gbéra, kí táyà má baà yí lásán. Àwọn tòkunbọ̀ kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ SNOW sí. Yìnyín kò sí ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà, iṣẹ́ kan náà sì ni. Tí táyà bá yí lórí ojú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 5 láìlọ, ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá pákó tàbí òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀.

Gíà ọ́ìlì

Ẹ wò ó lóṣooṣù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní gééjì gíà (irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì), ẹ wa ọkọ̀ tó ìṣẹ́jú 15 kó gbóná, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, gíà ní P, ẹ́ńjìnnì ní títàn. Ẹ fa gééjì, ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ tí kò ní òwú, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á: ó gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì HOT méjèèjì. Honda kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹ tó fà á, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní gééjì rárá, mẹkáníìkì ní láti gbé wọn sókè. Ọ́ìlì tó dára pupa, a sì lè rí ìka láti ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó ti pẹ́ jù. Kìlómítà 60,000 ló tó láti pààrọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ tó gbóná tó sì ní gosílóò. Títú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń mú lítà 3 sí 4 jáde, ìyókù wà nínú torque converter.

Irú ọ́ìlì ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára ike lọ. Toyota WS kì í ṣe Toyota T-IV, gíà CVT (èyí tó ń lo bẹ́líìtì dípò gíà eléyín) sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n torí pé wọ́n pupa. Ẹ má sì da omi lásán sí rédíétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, páìpù tó ń tutù ọ́ìlì gíà gba inú rédíétọ̀ kọjá, bí omi bá jẹ irin rẹ̀ já, omi àti ọ́ìlì gíà yóò pàdé. Ẹni tó sá fún owó kúlántì ni yóò wá ra gíà.

Tó bá kú sójú ọ̀nà

Fífi ọwọ́ ti ọkọ̀ ọ́tò kì í mú un ṣiṣẹ́, ẹ má dá àwọn ọmọkùnrin àdúgbò lágara. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún ọ́ìlì gíà lágbára. Tí kò bá yí, kò sí ohun tó so táyà mọ́ ọn. Wáyà láti ara báátìrì ọkọ̀ mìíràn ni ẹ nílò.

Fífi okùn fà á náà ní ewu tirẹ̀. Tí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí (táyà iwájú lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké) bá ń yí nílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú, irin inú gíà ń yí láìsí ọ́ìlì tó ń dé ibẹ̀. Láti ojú títì dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò burú. Láti Ọ̀ffà dé Ìlọrin, gíà ti lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ sẹ́yìn ni kí ẹ pè, tàbí èyí tó lè gbé táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀. Tí okùn bá di dandan fún ibi tó sún mọ́, gíà ní N, kọ́kọ́rọ́ ní ON kí síárìn má baà lọ́ọ̀kì, kí ọkọ̀ iwájú má kọjá 30. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn síárìn ọkọ̀ tí wọ́n ń fà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lágbára lẹ́sẹ̀, torí bíréèkì ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú máa ń le bí igi.